Ẹja Tí Mo Ṣẹ́ Níwájú Wọn

Kí ènìyàn tó rí mi ní àkókò yẹn, òórùn èéfín á ti sọ fún un pé mo ń bọ̀. Ó wà nínú irun mi, ó wà nínú aṣọ mi, ó wà lábẹ́ èékánná mi, kò sì sí ọṣẹ tí mo fi wẹ̀ tí ó gbé e lọ. Mo rántí pé tí ọkọ̀ bá gbé wa lọ sí Igbókòdá, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òórùn náà sí orí omi, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ojú wò mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Ojú máa ń tì mí débi pé tí àlejò bá kí mi, orí nìkan ni mo máa ń mì, bí ẹni pé wọ́n ka iye ọ̀rọ̀ fún mi, tí mo sì ń ṣọ́ ọ ná.

Ìyá mi ni ó ń yan ẹja, èmi ni mo sì ń bá a ṣe é. Ayétòrò ni a ń gbé tẹ́lẹ̀, kí òkun tó gba ilé wa. Ilé ìdáná ni ó kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà yàrá, ní ọdún kan náà ó sì gba ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá mi ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Ìyá mi kó àwọn wáyà tí ó fi ń yan ẹja, ìkòkò rẹ̀ àti èmi sínú ọkọ̀, a sì kọjá sí abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí omi ní apá Etíkàn, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ wà. Mo rò pé n ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá ti fìdí múlẹ̀. Ọdún kan kọjá, èkejì kọjá, nígbà tí ó di ọdún kẹta, èmi fúnra mi kò béèrè mọ́.

Yíyan ẹja kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Iná jẹ́jẹ́ ni a máa ń fi sí i, fún ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, a ó sì máa yí ẹja náà padà lórí wáyà títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Tí iná bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn ẹja á gbẹ, á dán, á lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì tutù, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Ẹni tí ó bá wò ó láti òde kò lè mọ̀. Nítorí ìyẹn ni àwọn obìnrin abúlé wa ṣe ní àṣà kan. Tí oníbàárà bá mú ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ afárá pákó wa, tí ó béèrè pé èló ni ẹja, a kì í dá a lóhùn. A ó kọ́kọ́ mú ẹja kan nínú agbọ̀n, èyíkéyìí tí ọwọ́ bá bà, a ó ṣẹ́ ẹ sí méjì níwájú rẹ̀, a ó sì nà án sí i. Yóò gbọ́ bí ó ṣe dún, yóò wo inú rẹ̀, yóò gbé e sí imú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ iye tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń ta ẹja tí kò ṣẹ́ ọ̀kan, gbogbo wa mọ̀ pé ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Mo fẹ́ràn àṣà náà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí kò gba kí ènìyàn la ẹnu.

Tíṣà ni ó mú ìròyìn náà wá. Ará Èkìtì ni, ìjọba ni ó gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ti ń jẹ pupurú bí ọmọ ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ó bá wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni ó ṣì fi ń di etí ọkọ̀ mú. Ibi tí afárá wa parí sí lórí omi nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, gbogbo wa sì máa ń lọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ náà, Tíṣà ka ohun tí ó rí sókè fún wa. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí ayélujára ti ṣí ọ́fíìsì ní Igbókòdá. Wọ́n á máa bá ènìyàn ta ọjà fún àwọn tí ó wà ní Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n á máa bá ènìyàn wá ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ènìyàn á sì lè gba àyè nínú ọkọ̀ láti orí fóònù kí ó tó kúrò nílé. Wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́, ẹni tí yóò máa yẹ ọjà wò ní etí omi, tí yóò máa ya àwòrán rẹ̀, tí yóò sì máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ìwé mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ kí ó ní. Wọ́n tún fẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ojú kì í tì níwájú ènìyàn.

Bí ó ṣe ka ìyẹn tán, gbogbo àwọn obìnrin yí ojú sí mi, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ni kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀.

“Ẹni tí wọ́n ń wá rèé,” ó ní. “Tíṣà, ẹ kọ ọ́ sí wọn pé ó ti gbọ́. Ní ọdún tí ń bọ̀, yóò dáhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì wo inú omi. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n lọ tán, mo padà sí ibẹ̀, mo wá ìròyìn náà lórí fóònù ìyá mi, mo sì kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí, pẹ̀lú kọ́má rẹ̀.

Ọjà títà ni ó jẹ ìyá mi lógún ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, àwọn alájàpá láti Igbókòdá ni ó ń ra ẹja wa, àwọn ni ó sì ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ rà á, nítorí wọ́n mọ̀ pé a kò ní ọ̀nà mìíràn. Ìyá mi àti àwọn obìnrin yòókù pinnu pé àwọn yóò gbìyànjú ilé-iṣẹ́ yìí wò. Tíṣà ni ó ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù náà béèrè òpópónà tí a ń gbé àti nọ́ńbà ilé wa. Ìyá mi ronú díẹ̀, ó ní kí ó kọ ọ́ pé tí wọ́n bá ti ń bọ̀, kí wọ́n pe orúkọ òun láti orí omi. Fóònù kò gbà á. Nígbà tí ó sú Tíṣà, ó kọ ọ́ pé Òpópónà Omi, ilé kìíní, fóònù sì gbà á. Bí gbogbo abúlé wa ṣe di Òpópónà Omi nìyẹn, títí di òní.

Èmi ni wọ́n ní kí n ya àwòrán, nítorí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Mo to ẹja ìyá mi sórí ẹní, mo nu eérú ara wọn kúrò, mo ṣẹ́ ọ̀kan, mo sì gbé e síwájú gbogbo wọn kí inú rẹ̀ lè hàn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún gbogbo wọn. Mo rò pé n kò tíì ya àwòrán tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tilẹ̀ dúró de ìgbà tí oòrùn yóò yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹran inú ẹja náà lè pọ́n díẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà kò gba ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí gbogbo wa, Tíṣà sì ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa pé wọn kì í gba ọjà tí ó ti fọ́.

“Ẹja mi ni ó fọ́?” ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní. “Orí wọn ni ó fọ́.”

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó ní kí n kàn yọ ẹja tí mo ṣẹ́ kúrò, kí n tún àwòrán mìíràn yà pẹ̀lú odindi nìkan. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin mi orí. Ìyá mi kò mi tirẹ̀. Ó ń yí ẹja padà lórí wáyà nígbà yẹn, kò sì gbé ojú sókè.

“Tíṣà,” ó ní, “tí mo bá fi odindi nìkan hàn wọ́n, kí ni mo fi hàn wọ́n?”

A kò tún àwòrán kankan yà. Ṣùgbọ́n ẹja ń pọ̀ sí i nínú agbọ̀n. Àwọn alájàpá ti gbọ́ pé a fẹ́ ta ọjà láì gba ọ̀dọ̀ wọn, inú bí wọn, wọ́n sì ti lọ sí abúlé mìíràn. Tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá gba ẹja wa, a ní láti lọ bẹ̀ wọ́n, gbogbo wa sì mọ iye tí wọn yóò dá lé e lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀. Ó lè mú kí àwọn ààrò kan tutù pátápátá. Nígbà náà ni Tíṣà tún ka ìròyìn mìíràn, pé ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe ìpàdé ní Igbókòdá, láti ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún ará ìlú, wọn yóò sì fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ lẹ́nu wò ní ọjọ́ kan náà. Àwọn obìnrin ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn wo ìyá mi. Ìyá mi wò mí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún, kí n sọ òótọ́. Mo sọ fún un pé tí mo bá dé iwájú àwọn ènìyàn yẹn, n kò ní lè sọ orúkọ ara mi.

“Ọma mi,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ní apá ọ̀dọ̀ wa, “ìwọ ni o ya àwòrán tí wọ́n kọ̀. Ìwọ ni o mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí o sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ní ọjọ́ ìpàdé, ó di ẹja mẹ́fà sínú àpò, ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀. Tíṣà bá mi lọ, nítorí ó ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ewéko orí omi dí ọ̀nà débi pé awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà, àwọn obìnrin abúlé wa ni wọ́n rán mi wá. Mo sọ ọ́ lásọtúnsọ lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti ilé títí dé Igbókòdá, ó sì dára gan-an ní gbogbo ìgbà tí mo sọ ọ́. Ohun tí n kò rò ni pé kò ní sí ẹ́ńjìnnì nínú gbọ̀ngàn ìpàdé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí èbúté ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Ọkùnrin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wo àpò mi, ó ní ìsàlẹ̀ ni àwọn tí ń ta oúnjẹ máa ń dúró sí. N kò lè ṣàlàyé fún un, Tíṣà ni ó ṣàlàyé kí ó tó bá tirẹ̀ lọ. Inú gbọ̀ngàn kún fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé fáìlì lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin wọ táì, àwọn obìnrin wọ bàtà tí ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Mo jókòó sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn onítáì fa imú, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ta ni ó gbé ọjà Igbókòdá wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹsẹ̀ ti àpò náà sábẹ́ àga.

Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ó ti Àkúrẹ́ wá, ni ó sọ̀rọ̀. Ó dàgbà díẹ̀ ju ohun tí mo rò lọ, ó sì ń sọ Yorùbá tí ó yéni, kò fi òyìnbó dí wa lójú. Ó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè tà, bí ó ṣe lè rà, bí ó ṣe lè gba àyè nínú ọkọ̀. Ó ní ẹja yíyan ni àwọn ènìyàn ń béèrè jù, òun náà sì ni ó ń fún àwọn ní wàhálà jù. Nígbà tí ó parí, ó béèrè bóyá ẹnìkan ní ìbéèrè. Ọwọ́ mi gòkè. Ó dé ibi èjìká, ó ronú, ó sì kọjá lọ tún gèlè mi ṣe. Ẹlòmíràn béèrè ohun tí ó fẹ́ béèrè, ẹlòmíràn tún béèrè tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ìpàdé dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo jókòó sójú kan. Mo ń ronú àwọn obìnrin tí wọn yóò dúró sí etí afárá ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń wá irọ́ tí n ó pa fún wọn.

Ọ̀gá obìnrin náà ń kọjá lọ sí yàrá kejì nígbà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo abẹ́ àga mi.

“Àbúrò,” ó ní, “ẹja rẹ ń ta sánsán. Èló ni?”

N kò ronú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tẹ̀ba, mo ti mú ọ̀kan nínú àpò, mo sì ti ṣẹ́ ẹ. Ó dún pá. Àwọn onítáì yí ọrùn padà. Mo na ìdajì kan sí i, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ó fà sẹ́yìn. “Irú ẹja tí ó dára báyìí, kí ló dé tí o bà á jẹ́?”

“N kò bà á jẹ́, mà,” mo ní. “Mo ṣí i fún yín ni.”

Ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe jáde, èyí tí ó kù tẹ̀lé e. Mo sọ fún un bí a ṣe ń tajà ní abúlé wa, pé ẹni tí kò bá ṣẹ́ ẹja kò tíì fi ẹja hàn. Mo sọ pé àwọn àwòrán tí wọ́n kọ̀ kò fọ́, èmi ni mo yà wọ́n, èmi ni mo ṣẹ́ wọn, ìyá mi kò sì ní ta ẹja fún ẹni tí kò rí inú rẹ̀. Ohùn mi kò dún sókè. Ó ní láti tẹ̀ síwájú kí ó lè gbọ́ mi, ó sì tẹ̀ síwájú, ó gba ìdajì náà lọ́wọ́ mi.

Ó pe ọkùnrin tí ó ń yẹ àwòrán wò fún wọn. Ọkùnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó wá àwòrán wa láàárín àwọn tí ó ti kọ̀, ó sì rí wọn. Ó ní àṣẹ tí wọ́n fún òun ni pé ọjà tí ó bá ní ibi tí ó ṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a wí. Ó wo ìdajì ẹja tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí ọkùnrin náà lọ gbé páálí tí ó wà ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì wá.

Ẹja tí àwọn oníbàárà dá padà láti Èkó ni ó wà nínú páálí náà. Odindi ni gbogbo wọn, wọ́n ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọ̀gá obìnrin náà ní kí n ṣí ọ̀kan. Mo mú un, mo sì gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́. Ó tẹ̀ kọrọdọ lọ́wọ́ mi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù. Mo ní láti fi èékánná ya á. Inú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí òwú, òórùn tí ó jáde níbẹ̀ sì mú kí ọkùnrin kọ̀ǹpútà fi apá bo imú. Mo ya èkejì, bákan náà ni. Wọ́n ti ń rò pé ọkọ̀ tí ó ń kó wọn lọ ni kò dára. Mo sọ fún wọn pé iná ni ó pọ̀ jù, ẹni tí ó yan án kánjú. Mo mú òmíràn nínú àpò ìyá mi, mo ṣẹ́ ẹ, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Kò sí ẹni tí ó tún rẹ́rìn-ín. Onítáì tí ó fa imú lẹ́ẹ̀kan sún mọ́ wa láti wò ó.

“Ta ni ó kọ́ ọ?” ọ̀gá obìnrin náà béèrè.

Mo ní ìyá mi ni. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè sọ ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kí àyà rẹ̀ sì kún.

Ó béèrè bóyá mo ti kọ orúkọ fún iṣẹ́. Mo ní n kò ní ìwé mẹ́wàá. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ti béèrè ìwé sílẹ̀, kí n lọ sí ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí mo lè ṣe. Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù náà débi pé Tíṣà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, ó sì padà wá bá mi níbẹ̀. Ìlà kan ni mo kọ. Mo lè mọ ẹja tí kò gbẹ. Tíṣà ní kò tó, kí n fi nǹkan kún un. Mo ronú, mo sì kọ ọ́ sí i pé mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà tí ó bá ní sùúrù.

N kò rí iṣẹ́ tí mo kà lórí fóònù gbà. Ẹni tí ó ní ìwé ni wọ́n fi sí ọ́fíìsì, ó sì tọ́ sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n máa yẹ ẹja wò ní apá omi tiwa, fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n wo bí yóò ṣe rí. Wọ́n gba ẹja gbogbo àwọn obìnrin wa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, nígbà tí ọkọ̀ wa yọ sí abúlé, àwọn obìnrin ti dúró sí etí afárá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó kọ́kọ́ béèrè bóyá mo sọ̀rọ̀. Mo ní mo sọ̀rọ̀. Ó ní irọ́ ni. Tíṣà ní òótọ́ ni, òun fúnra òun gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọ́fíìsì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n wá sọ ọ́ fún òun bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ títí ó fi sú àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ìyá mi ṣí àpò náà, ó wo ohun tí ó kù nínú rẹ̀.

“Ṣé ó dún?” ó ní.

“Ó dún,” mo dáhùn. “Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.”

Ó mi orí, ó sì wọlé lọ wo iná rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta náà ti di ọdún púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà yí àṣẹ wọn padà. Nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ta ẹja yíyan lórí ìkànnì wọn, ìbáà jẹ́ ní Etíkàn tàbí níbòmíràn, gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kí a ya fídíò rẹ̀, kí ẹni tí ó ń rà á láti òkèèrè lè gbọ́ bí ó ṣe dún. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ láti abúlé dé abúlé láti ṣe é. Nínú àwọn fídíò àkọ́kọ́, ohùn mi kéré débi pé àwọn oníbàárà ń kọ̀wé béèrè bóyá fóònù àwọn ni ó bàjẹ́. Ó ti dára díẹ̀ báyìí. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ojú lè máa ti ènìyàn kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní àkókò òjò tí ó kọjá ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Igi tutù níbi gbogbo, iná kò sì jó bí ó ti yẹ. Mo dé ilé láti yẹ ẹja ìyá mi wò, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń yẹ ti gbogbo ènìyàn wò. Ó ti to wọ́n sínú agbọ̀n, wọ́n sì lẹ́wà. Mo mú ọ̀kan, mo ṣẹ́ ẹ. Kò dún dáadáa. Mo wo inú rẹ̀, ibi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun tí kò tíì gbẹ, ibi kékeré tí ẹlòmíràn lè gbójú fò. Ìyá mi ń wò mí. Mo mú òmíràn, bákan náà ni ó rí. Mo ronú gbogbo gbèsè tí mo jẹ obìnrin yìí, ahọ́n mi sì wúwo bí ó ṣe wúwo ní Igbókòdá.

Mo na ìdajì ẹja náà sí i. Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá mi. Kò gbẹ. N kò lè gbà á.”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀, ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà, ó gbé agbọ̀n náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹja padà sórí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, mo ń rò pé mo ti dójú tì í nínú ilé ara rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú okùn ọkọ̀ nísàlẹ̀ afárá ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, ó ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ilé kan sí èkejì, kò sì pè é jẹ́jẹ́.

“Ṣé o gbọ́ ohun tí ọma mi ṣe? Ó kọ ẹja mi lónìí. Èmi tí mo kọ́ ọ. Ó wò mí lójú, ó ní kò gbẹ.”

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, mo di okùn mú, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń tún un sọ fún ilé kẹta. Ilé-iṣẹ́ ti fún mi ní ìwé ìyìn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fi í pamọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá béèrè ọjọ́ tí mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti di tèmi, ọjọ́ òjò yẹn ni mo máa ń rántí, àti ohùn ìyá mi tí ó ń ti afárá kan bọ́ sí òmíràn.